Géètì Tó Lọ Jagun Lókè Òkun

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, irú ẹjọ́ tí etí kò gbọ́ rí láti Mowe títí dé Ifo. Ààfin tí à ń wí yìí, pálọ̀ Baálẹ̀ náà ni, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá ti wà, ààfin ni. Ẹni tó bá pè é ní pálọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ yóò kàn bá ara rẹ̀ níta ni.

Ọ̀ṣuntóyìn ló kó ẹjọ́ wá. Ọmọ Ìkìrun ni, ó ti pẹ́ tó ti ń lọ ata ní Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀ ní Mowe, Ìyá Jọmílójú sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbé bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tuntun kan kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀ oyè. Ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ní sunkún. Èyí tó sun nílé ti tó.

Baálẹ̀ wà lórí àga ńlá. Balógun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Balógun ti jẹ oyè ogun, ogun kankan kò jà ní ìlú náà, nítorí náà oorun ló máa ń sùn nídìí ẹjọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn báyìí.

"Ìyá Jọmílójú, kí ló dé?"

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Baálẹ̀. Wọ́n jí ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń lọ ata gbé."

"Ta ló jí i?"

"N ò mọ olè yẹn, sà."

"Ta wá lo pè lẹ́jọ́?"

"Ẹni tó gbé géètì kúrò lọ́nà fún olè ni mo pè. Kọmáńdà Mọ́nsúrù ni."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí Mọ́nsúrù dúró sí, tó de fìlà ṣọ́jà. Òun ni olórí ẹ̀ṣọ́ Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀. Kọmáńdà ni wọ́n ń pè é nítorí pé ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní bárékè, òótọ́ sì ni. Télọ̀ ni níbẹ̀. Ó rán ṣòkòtò ṣọ́jà títí ogun fi wọ̀ ọ́ lára. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, ó dìde, ó tún fọwọ́ kan iwájú orí bí ṣọ́jà.

Kí ẹni tí kò mọ apá ibẹ̀ má bàa ṣìnà, òpópónà tí kò bá ní géètì, àwọn onílé kì í kà á mọ́ òpópónà. Géètì onírin ńlá ni wọ́n ń fi dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì gba ẹ̀ṣọ́ tì í. Bí fèrè ẹ̀ṣọ́ bá dún ní òpópónà kan, àṣà wọn ni pé kí tàwọn yòókù fi fèrè dáhùn, pé a gbọ́ o, ojú wa wà lára géètì tiwa. Fèrè ni wọ́n fi ń dáhùn. Kò sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ dáhùn rí, àfi Mọ́nsúrù.

"Rò ó bó ṣe rí," ni Baálẹ̀ wí.

"Baálẹ̀, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì mi ló já ní Ọjọ́bọ̀. Mo lọ sí Ibafo lọ ra òmíràn. Èmi àti bẹ́líìtì dé, ẹ́ńjìnnì ti lọ."

"Lọ́sàn-án?"

"Lọ́sàn-án gangan, sà."

"Ẹ́ńjìnnì yìí tóbi?"

"Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e, tí wọ́n á sì máa pe orúkọ ìyá wọn."

"Báwo wá ni wọ́n ṣe gbé e fo ògiri?"

"Wọn ò fo nǹkan kan, Baálẹ̀. Wọ́n wa kẹ̀kẹ́ akẹ́rù wọlé láti ojú géètì, wọ́n gbé e, wọ́n tún gba ibẹ̀ jáde. Ìyá àgbà tó ń gbé ilé iwájú tiẹ̀ kí wọn kú iṣẹ́."

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lókè òkun, sà."

Balógun la ojú kan.

"Òkè òkun wo?"

"Òdìkejì títì márosẹ̀, sà. Bẹ́ẹ̀ ni Kọmáńdà ń pè é."

Mọ́nsúrù sún mọ́ iwájú. "Baálẹ̀, kò ṣì í sọ. Títì yẹn fẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá sọdá rẹ̀ ti kúrò nílé. Ọjọ́ tí èrò ń lọ sí ìsìn òru ní àgọ́ ìjọ, ọ̀nà há, àwọn ọmọ ogun mi ò rí ọ̀nà sọdá padà wá jẹun."

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ogun, sà."

"Ogun ta?"

"Ogun wọn."

"Kí ló kàn yín nínú ogun wọn?"

"Baálẹ̀, àwọn àgbà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn."

"Wọ́n ní kí o sọ fún un ni. Wọn ò ní kí o gbé géètì lọ bá a."

Èrò tó wà ní ààfin rẹ́rìn-ín. Mọ́nsúrù kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ìlànà ààbò tuntun ni, sà. Ìjà tí a bá lọ pàdé lọ́dọ̀ wọn, kò ní lè rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbọ́ rédíò, àwọn orílẹ̀-èdè tó lágbára, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á kó ọmọ ogun sọdá òkun, wọ́n á ní àwọn ń dáàbò bo ilé. Àwa náà ní Nàìjíríà, ṣebí a máa ń kó ṣọ́jà lọ la ìjà fún ará ibòmíràn."

"Mo gbọ́," ni Baálẹ̀ wí. "Mo sì ní àbúrò kan tí kò lè dé oko rẹ̀ mọ́ nítorí ajínigbé. Mo bi í pé ta ló ń ṣọ́ oko, ó ní èpò ni."

"Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀, sà, ṣùgbọ́n ìlànà ni ìlànà."

Àwọn ìjòyè kan tó jókòó níbẹ̀ mi orí pé òótọ́ ló sọ. Ọ̀ṣuntóyìn rí i, inú rẹ̀ bà jẹ́. Ó mọ̀ pé ẹnu Mọ́nsúrù dùn, òun kò sì ní ẹnu bẹ́ẹ̀. Àwọn oníkàrà tó máa ń gbé ẹ̀wà wá lọ̀ lọ́dọ̀ òun láàárọ̀ ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, oníbàárà tó bá sì ti mọ ọ̀nà ibòmíràn, kì í sábà padà mọ́. Bí ẹjọ́ yìí bá bọ́, òun náà á padà sí Ìkìrun lọ́wọ́ òfo nìyẹn.

"Mọ́nsúrù," ni Baálẹ̀ wí, "nínú gbogbo ohun tó wà láyé, kí ló dé tó jẹ́ géètì lo gbé?"

"Ogun kì í lọ láìmú irin dání, sà. A ò ní ìbọn, a ò ní ọkọ̀ ogun. Géètì ni irin tó tóbi jù tí a ní."

"Ta lẹ wá fi sílẹ̀ nílé?"

"Ajá, sà."

"Ajá náà kò gbó nígbà tí olè dé?"

"Kò sí nílé, sà. Ó ti tẹ̀lé wa."

"Kí ló kù nílé nígbà náà?"

"Pátákó. 'Ẹ ṣọ́ra, ẹ̀ṣọ́ wà níbí.' Ọ̀dà pupa la fi kọ ọ́."

"Pátákó ọ̀hún dà?"

Ọ̀ṣuntóyìn ló dáhùn.

"Wọ́n gbé e mọ́ ẹ́ńjìnnì mi, sà."

Baálẹ̀ ní kí Mọ́nsúrù pe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó pe Ashraf, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, géńdé kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀. Ashraf dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ashraf, kí lẹ bá lókè òkun?"

"Sà, nǹkan yẹn sírìọ́ọ̀sì gan-an."

"Àwọn ọ̀tá pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ gan-an, sà."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Méjì."

"Ọkùnrin?"

"Obìnrin, sà. Àwọn tó jọ ń gbé àgbàlá kan náà."

"Kí ni wọ́n fi ń jà?"

"Ọ̀kan mú bókẹ́ẹ̀tì. Èkejì mú aṣọ tútù."

"Aṣọ tútù ń pa èèyàn?"

"Ó gbá mi lójú lẹ́ẹ̀kan, sà. Ẹ máa ṣàdúrà ni."

Mọ́nsúrù gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Iná ń sọ níbẹ̀, Baálẹ̀. Èéfín gba gbogbo àgbàlá."

"Iná ìdáná ni, sà," ni Ashraf wí. "Wọ́n ń se mọ́ínmọ́ín. Wọ́n fún wa jẹ."

"Ta ló fún yín?"

"Àwọn ọ̀tá."

"Ashraf," ni Mọ́nsúrù wí jẹ́jẹ́, "ẹlẹ́rìí ta ni ẹ́?"

"Tiyín ni, sà. Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni wọ́n fún wa, Baálẹ̀. Ojoojúmọ́ ni."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú. "Ọjọ́ tí olè wọ Ìfẹ́sowápọ̀, kí lẹ ń ṣe lọ́hùn-ún?"

"À ń ṣọ́ géètì, sà."

"Géètì ta?"

"Géètì wa."

"Ẹ ń ṣọ́ ọ nítorí kí ni?"

"Kí olè má bàa gbé e, sà."

Balógun la ojú kejì.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Sẹ̀gilọlá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ní wọ́n jà. Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀ ló ń gbé, lódìkejì títì. Ó kúnlẹ̀, ó tún gèlè ṣe, ó sì fi hàn lójú pé iṣẹ́ wà nílé tó ń dúró de òun.

"Sẹ̀gilọlá, kí ló dá ìjà sílẹ̀?"

"Okùn ìsáṣọ ni, sà. Ọ̀kan ṣoṣo la ní. Ọmọlabí tí a jọ ń gbé sá aṣọ tútù lé tèmi tó ti gbẹ. A pariwo díẹ̀, ni ẹ̀ṣọ́ wa bá fọn fèrè."

"Kọmáńdà sì wá là yín."

"Rárá, sà. A ti parí ẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọmọlabí ń po ẹ̀wà, èmi ń bá a nu ewé."

"Ẹ ti parí ìjà?"

"Pátápátá."

"Kí ni Kọmáńdà wá ṣe?"

"Wọ́n ní àwọn ò lè ti Mowe gbé géètì sọdá títì kí àwọn má rí ìjà là. Wọ́n ní ká tún un jà díẹ̀."

"Ẹ sì jà á?"

"Àgbà ni wọ́n, sà. A bọ̀wọ̀ fún wọn."

Mọ́nsúrù ní irọ́ ni. Sẹ̀gilọlá kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

"A fa ara wa láṣọ díẹ̀, Baálẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjà kì í mọ̀ pé eré ni. Ọmọlabí fa bùbá mi ya, èmi náà sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyá ẹ̀, ó wá di ìjà gidi. Ni Kọmáńdà bá ri géètì mọ́ àárín àgbàlá, wọ́n po sìmẹ́ǹtì sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ààlà àlàáfíà ni."

"Títí di báyìí, ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀?"

"Ha, a ti parí ẹ̀, sà. Géètì yẹn ló bá wa parí ẹ̀."

Mọ́nsúrù na ọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, Baálẹ̀. A ti ṣẹ́gun."

"Dákẹ́ ná. Sẹ̀gilọlá, báwo ni géètì ṣe parí ìjà?"

"Ó gba aṣọ púpọ̀, sà. Èmi ń sá tèmi sí iwájú, Ọmọlabí ń sá tiẹ̀ sí ẹ̀yìn. Irin rẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án, aṣọ kì í pẹ́ gbẹ."

"Ó dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hú u kí wọ́n gbé e padà sílé."

"Rárá o, sà. Bí wọ́n bá gbé e lọ, a máa jà."

"Ẹ rí i, sà," ni Mọ́nsúrù wí. "Ìdí tí a ò fi tíì lè kúrò nìyẹn. Bí a bá kúrò, ogun á bẹ́."

Baálẹ̀ wo Sẹ̀gilọlá. "Kí wọ́n tó dé, ìjà wà?"

"Ó ti tán, sà."

"Nígbà tí wọ́n dé ńkọ́?"

"Ó bẹ̀rẹ̀."

"Bí wọ́n bá lọ?"

"Á tún bẹ̀rẹ̀."

Balógun jókòó dáadáa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ìjà tí ẹ̀ṣọ́ bí, ẹ̀ṣọ́ náà ló sì ń tọ́ ọ," ló wí, ó sì tún fẹ̀yìn ti àga.

Baálẹ̀ bi Ọ̀ṣuntóyìn bóyá ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ sá lọ nígbà tó yẹ kó sọ ọ́. Ó fa bẹ́líìtì yọ lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, n ò ní kí wọ́n má fẹ́ràn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jóni, tó ń jọ́mọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Láti ìgbà tí Kọmáńdà ti di olórí ẹ̀ṣọ́, ata ọbẹ̀ gbogbo wọn, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́, n kì í gba nǹkan kan. Mo ní àwọn ló ń ṣọ́ mi. Ó dùn mí, sà. Ọ̀tá ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn tí mò ń lọ ata fún ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún olè."

Ẹkún tó ní òun kò ní sun dé. Kò nu ojú. Mọ́nsúrù ṣí fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Baálẹ̀," ló wí níkẹyìn, "èrò rere ni mo ní."

"Mo gbà," ni Baálẹ̀ wí. "Èrò rere rẹ ló sọdá títì. Iṣẹ́ rẹ ló yẹ kó wà nílé. Balógun, kí lẹ rí sí i?"

Balógun wẹ ọ̀fun mọ́. "Bàbá mi jẹ Balógun, bàbá tiwọn náà jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò jagun rí. N ò dá wọn lóhùn. Ìlú tí Balógun rẹ̀ ráyè sùn, ìlú náà ń sùn nìyẹn. Ẹni tó máa yáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Télọ̀ ni ọ́ ní bárékè, Mọ́nsúrù, ó yẹ kí o mọ ìyẹn."

Baálẹ̀ mu omi, ó gbé ife sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́.

"Géètì tó ti lọ sókè òkun, ó ti di ará ibẹ̀. Ẹ má hú u. Kí Sẹ̀gilọlá àti Ọmọlabí máa sá aṣọ wọn sí i, kí wọ́n má bàa jà, kí a má bàa tún rí ẹni tó máa lọ là wọ́n. Ṣùgbọ́n Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀ gbọ́dọ̀ ní géètì. Láti àárọ̀ ọ̀la, Mọ́nsúrù, ìwọ ni géètì."

"Sà?"

"Wàá dúró ní ẹnu ọ̀nà, wàá na apá méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá dé, wọ́n á ṣí ọ. Bó bá kọjá, wọ́n á tì ọ́. Géètì ìjọ́sí máa ń han tí wọ́n bá ń ṣí i, kí ìwọ náà máa han. Ashraf ni àgádágodo. Kí ó dì ọ́ lọ́wọ́ mú."

Ashraf wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù ni ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n gbé ọlọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Jọmílójú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ata ni o, ẹ̀wà ni o, ohunkóhun tí oníbàárà bá gbé wá, ọwọ́ ni wọn yóò fi lọ̀ ọ́, kí ó sì kúnná. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹ́ńjìnnì fún un, tí ẹ sì rọ géètì tuntun, ọjọ́ náà ni ìwọ yóò tó padà di èèyàn."

Mọ́nsúrù kúnlẹ̀, èyí tí ọkùnrin kì í ṣe. "Baálẹ̀, èmi Kọmáńdà, kí wọ́n máa ṣí mi, kí wọ́n máa tì mí?"

"Nígbà tí o fa géètì onírin tu, ó bá ọ jiyàn?"

"Bí fèrè bá dún lódìkejì ńkọ́, sà?"

"Fi fèrè dá wọn lóhùn, bí àwọn tó ṣáájú rẹ ti ń ṣe."

"Bó bá jẹ́ ogun gidi ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ gidi, wọ́n á wá kan géètì."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ parí. Ọ̀ṣuntóyìn lọ sílé, kò mọ̀ bóyá òun jàre tàbí wọ́n fi òun ṣẹ̀fẹ̀.

Láàárọ̀ òní, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá àwọn ẹ̀ṣọ́ lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ọlọ, ata ti wọ ẹni kan lójú, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ nù ún. Àwọn oníkàrà tó ti sá lọ ti padà wá. Wọ́n lè ní ẹ̀wà ni àwọn gbé wá lọ̀, ṣùgbọ́n ìran ni wọ́n wá wò. Ọ̀kan ní láti ìgbà tí òun ti ń dín àkàrà, ẹ̀wà òun kò kúnná tó báyìí rí. Ọ̀ṣuntóyìn gba abọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀.

Kọmáńdà wà ní ẹnu ọ̀nà, ó na apá. Ọkọ̀ kan fọn fèrè, Ashraf tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, Kọmáńdà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó han bí irin tí kò rí epo. Ọkọ̀ kọjá, wọ́n tì í padà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fèrè ẹ̀ṣọ́ fi dún lódìkejì títì, tí ariwo obìnrin sì tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ Kọmáńdà gbéra. Ashraf di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, Ọ̀ṣuntóyìn sì dìde nídìí ata, ó ń wò ó. Kọmáńdà wo òdìkejì, ó wo Ọ̀ṣuntóyìn, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sílẹ̀. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró.

Àwọn tó ń jà lódìkejì jà títí, wọ́n sì parí ẹ̀ fúnra wọn kí ata tó kúnná.